Ẹ̀rọ Agékọ́kọ́rọ́ Tí Ọmọ Àbúrò Mi Yàn

Lára ògiri yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, ìṣó pọ̀ níbẹ̀ ju àwòrán lọ. Kọ́kọ́rọ́ ló wà lórí wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí wá lè rò pé iṣẹ́ ọdẹ ilé ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, tàbí pé èmi ni mo ni gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò. Ẹyọ kan ṣoṣo ni tèmi nínú wọn. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tó wà ní Abíjàn ló ni ìyókù.

Bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ọmọ á lọ sí Abíjàn, á ṣòwò, á máa fi owó ránṣẹ́ sílé títí ilé á fi dìde. Tí wọ́n bá ti kan òrùlé, tí ilẹ̀kùn ti wọlé, á wá sùn nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún kan, á tì í, á sì gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún àgbà tó wà nílé. A kì í fi í pamọ́ sábẹ́ òkúta, a kì í sì í gbé e lọ sí ìdálẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ rìnrìn àjò ti ti ara rẹ̀ mọ́ ìta. Bí ènìyàn bá ṣe ń pẹ́ nílé sí i, bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Àwa tí a kò lọ síbì kankan la wá di olùtọ́jú ilé gbogbo ènìyàn.

N kò kọ orúkọ sára wọn. Àjákù aṣọ la so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, tí ògiri kan ṣoṣo sì là ilé tirẹ̀ àti tèmi láàárín, ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ó ní orúkọ lè parẹ́ lára bébà, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tí kì í dá aṣọ ara rẹ̀ mọ̀. Òótọ́ sì ni. Nígbà tí onílé bá wá gba kọ́kọ́rọ́, kí n tó dìde lórí àga, ìyàwó rẹ̀ á ti na ọwọ́ sí àǹkárá tó fi ṣe ìkómọ àkọ́bí rẹ̀.

Bàbá mi kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan rí láyé rẹ̀. Ilẹ̀kùn pákó ni ilé wa ní, ọ̀pá kan la sì fi ń dábùú rẹ̀ láti inú. Lọ́sàn-án, a kàn máa ń pa á dé ni kí ewúrẹ́ má baà wọlé jẹ èlùbọ́. Kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi ni èyí tí wọ́n fún mi ní yunifásítì, ti yàrá tóóró kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Jọ́gíráfì ni mo kọ́. Bí olùkọ́ wa bá ń sọ̀rọ̀ nípa odò àti òkè ayé, ọwọ́ mi á wà nínú àpò ṣòkòtò, màá máa fi àtàǹpàkò ka eyín kọ́kọ́rọ́ náà. Lọ́jọ́ tí a parí, mo dá a padà fún akọ̀wé kan tí kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Mo padà wálé, mo di olùkọ́, mo sì dúró. Àwọn ẹgbẹ́ mi gba ìlú òyìnbó lọ, àwọn àbúrò wa gba Abíjàn lọ. Títí di òní, bí ẹ bá fún mi ní pẹ́ńsùlù, mo lè ya eyín kọ́kọ́rọ́ yẹn fún yín.

Ọ̀kan nínú àwọn ìṣó ara ògiri mi jẹ́ ti ọmọ àbúrò mi, ọmọ aránṣọ tí mo sọ yìí. Ó kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá rẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì ṣẹnuure fún òun àti ọkọ rẹ̀, àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé ló sì so mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Abíjàn ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló sin ọkọ sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà di ẹni tó ń dá gbọ́ bùkátà ara wọn. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló lọ jókòó ti ọkùnrin kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá ọjà níbẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ náà tán, òun náà sì di ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì wọ bọ́ọ̀sì.

Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ tó dé. Ó ní òun kò padà mọ́. Inú mi dùn débi pé mo lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó jókòó sí, mo sọ fún un pé màá fa ìṣó ọmọ rẹ̀ yọ lára ògiri. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ìṣó yẹn wà níbẹ̀. Ará Abíjàn kì í dé. Wọ́n kàn máa ń yà kí wa ni.”

Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń da omi inú ike nù. Ó gbọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ yé gbogbo wa. Bí kò bá ríṣẹ́ ṣe nílé, yóò padà, nítorí ọwọ́ òfo kì í tọ́jú aláìsàn. Bó bá sì padà, àbúrò mi yóò bá a lọ sí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, tàbí kó dá wà nínú ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e dé ìdí àmù. Ó sì ti sọ fún gbogbo wa pé òun kò lọ síbì kankan. Kọ́kọ́rọ́ ni ọmọ náà mọ̀ ọ́n gé. Owó tó kó wálé kò lè ra ẹ̀rọ ju ẹyọ kan lọ. Bó bá ṣì í yàn, kò sí èkejì.

Ó ní kí n bá òun lọ sí Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ.

“Tọ́ntọ́n, bí obìnrin bá dá wọ ìsọ̀ wọn, wọ́n á rò pé ó ṣìnà ni.”

Tọ́ntọ́n ni àwọn ará Abíjàn ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Mo ti gbà á bí oyè.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó mú wa lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá kan tó funfun bíi fìríìjì tuntun, tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ kan sí ẹnu rẹ̀ lápá kan, ó ki irin òfìfo, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí wọn kò tíì gé eyín sí, lápá kejì. Kí n tó wá gíláàsì ojú mi rí nínú àpò, ó ti parí, ó sì nà án sí mi. Ó gbóná lọ́wọ́ mi bí ẹ̀pà yíyan. Ní tèmi, ọjà ti parí. Mo ti ń wo ibi tí wọn yóò gbé e sí nínú ọkọ̀.

Ọmọ àbúrò mi yìn ín. Ó wá ní kí ọkùnrin náà jẹ́ kí òun rí gbogbo irin òfìfo tó ń tà. Ó da páálí kan sílẹ̀ fún un. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í wo ìhà wọn, orí ṣóńṣó wọn ló ń wò, bí ẹni tó ń yẹ ojú abẹ́rẹ́ wò. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí, ó dúpẹ́, ó sì dìde.

“Ìyá, ẹ̀rọ kì í dúró de ènìyàn o,” ni ọkùnrin náà wí. “Kí ẹ tó padà wá, ẹlòmíràn á ti gbé e.”

“Kó gbé e, kó sì lò ó dáadáa.”

Inú ń bí mi díẹ̀ nínú ọkọ̀. Oòrùn ti pa mí, eegun ẹ̀yìn mi kò sì fẹ́ràn ọ̀nà yẹn mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí a fi lọ tí a fi bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀rọ náà dára, pé irú rẹ̀ gan-an ni òun ń lò ní Abíjàn. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́, Tọ́ntọ́n. Ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ yàn. Ọ̀gá mi ní ká kọ́kọ́ yan ilẹ̀kùn.”

Mo rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ wa láti ya máàpù ní ìgbà ọ̀dọ́ mi: ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà já kí ọwọ́ tó fà á sórí bébà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọgbọ́n yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà lọ, n kò tún sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí.

Lára ògiri mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú òrùka irin ńlá kan wá láti inú ẹrù rẹ̀. Oríṣiríṣi irin òfìfo ló wà lórí rẹ̀, ẹyọ kan láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ ń lò. Yóò yọ kọ́kọ́rọ́ kan lórí ìṣó mi, yóò kọjú orí ṣóńṣó rẹ̀ sí ti irin òfìfo, yóò wo méjèèjì bóyá wọ́n bára mu. Ó fi hàn mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́, àwọn ìlà kan wà tó gùn láti orí dé ìdí. Ìlà wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kó wọ ihò ilẹ̀kùn. Bí ilà ojú ti máa ń sọ ìdílé ènìyàn fúnni láì sọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kọ́kọ́rọ́. Eyín ló wá dà bí orúkọ, ti onílé nìkan ṣoṣo.

Nígbà tó bá rí ẹ̀yà tó bára mu, yóò so òwú kan mọ́ irin òfìfo náà. Ìyá rẹ̀ ló ní òwú, èyí tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ aṣọ. Ó ní irin tí òwú bá pọ̀ jù lára rẹ̀ ni yóò sọ fún òun ohun tí òun máa rà.

Ṣùgbọ́n ògiri mi nìkan kò tó. Ó ní láti rí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ àwọn àgbà mìíràn, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ta ni yóò kó kọ́kọ́rọ́ ilé ọmọ rẹ̀ fún agékọ́kọ́rọ́ pé kó máa wò ó?

A kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, Àlùfáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí Abíjàn kó tó fẹ̀yìn tì. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó yíjú sí mi.

“Tíṣà, ológbò ń bi wá pé níbo lẹja wà, ìwọ sì ń bá a gbé àtùpà lọ́wọ́.” Ó wá yíjú sí ọmọ àbúrò mi. “Má bínú o, ọmọ mi. Mo mọ ìyá rẹ, mo mọ bàbá rẹ. Àwọn ọmọ tó gbé kọ́kọ́rọ́ wọn fún mi ni n kò ní lè wò lójú.”

Ojú tì mí fún ọmọ náà. Mo ti fẹ́ dìde. Òun, tó ti kúnlẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé, kò dìde.

“Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ẹ fi ọwọ́ yín bo eyín rẹ̀. Orí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni kí ẹ yọ síta fún mi. N kò fẹ́ mọ eyín ilé ẹnikẹ́ni.”

Àlùfáà wọ inú yàrá, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó fi etí agbádá rẹ̀ wé e títí ó fi ku orí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan, bí orí ahun tó ń yọjú látinú ilé rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kò fi ọwọ́ kàn án. Ó kọjú irin òfìfo sí i, ó wò ó, ó gbìyànjú òmíràn, ó wá rí èyí tó bára mu, ó so òwú mọ́ ọn.

“Ìyẹn náà nìyẹn?”

“Ìyẹn náà nìyẹn, Bàbá.”

Ó tún gbé òmíràn wá, ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tó yá, ìtàn àwọn tó ni ilé ló ń sọ fún wa, ẹni tó ní ìyàwó méjì, ẹni tó kọ́ ilé tán tí kò tíì sùn nínú rẹ̀ rí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan yọ eyín síta pátápátá. Ọmọ àbúrò mi ti gbé ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí n tó rí i.

“Ẹ bo eyín rẹ̀, Bàbá.”

Àlùfáà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ọmọ náà, ó wá fà á bò. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa àti lójúde mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àdúgbò wa kí a tó kúrò nínú ilé rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ọmọ aránṣọ tó ní kí wọ́n bo eyín. Nígbà tí ọlọ́kadà fi máa gbé wa dé Màsífà, wọ́n ti ń retí wa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú áńkáṣíìfù. Ní Ọlá, bàbá àgbẹ̀ kan fi ewé kókò wé tirẹ̀ bí ẹni tó di mọ́ínmọ́ín. Ní Ara, ìyá arúgbó kan di ẹ̀ṣẹ́ sí wa, ó ní kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, ká máa wò ó. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò fi ohunkóhun hàn wá. Ọmọ àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti rí i, ó sì sọ fún mi lójú ọ̀nà pé bí ó bá ku ẹnìkan tí òun á gbé kọ́kọ́rọ́ òun fún láyé, ìyá yẹn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ó padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò bìkítà. Ó kàn ń já òwú fún wa ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé ibo la dé, ta la bá nílé, ṣé ilé alájà méjì tó wà lójú ọ̀nà Ìwó náà wà nínú rẹ̀. Ó wá gba òrùka irin náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní a kò mọ òwú so, pé yóò tú. Òun ló ń so ó láti ìgbà náà, a sì máa ń bá a tó ti ń retí wa lẹ́nu ọ̀nà, lórí àga rẹ̀.

Irin òfìfo kan wá hu irùngbọ̀n òwú lórí òrùka náà. Abíjàn ni ẹ̀yà rẹ̀ ti wá, nítorí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́lé máa ń kó àgádágodo ilẹ̀kùn wálé látibẹ̀. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo irú rẹ̀ nínú páálí tí a rí ní Òṣogbo. Èyí tó tẹ̀lé e ni kọ́kọ́rọ́ gígùn ayé àtijọ́, tó ní eyín ní ìsàlẹ̀ bí àsíá, ti àwọn ilé tí àwọn bàbá wa kọ́. Ẹ̀rọ funfun yẹn kò lè gé e. Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná náà tún wà níbẹ̀: lọ́dọ̀ wa, bó bá wá, ó wá kí wa ni, bí ará Abíjàn. Ó ti hàn kedere. Ká ní ó gbé ẹ̀rọ ọjọ́ yẹn, yóò kàn máa nù ún lásán ni, bí ẹni tó ra ẹṣin síbi tí kò sí koríko.

A padà sí Òṣogbo. Ó béèrè ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó gbé méjì jáde, ó ń fi àkísà nu eruku wọn bí ẹni tí ojú ń tì. Ọ̀kan ní ọ̀dà tuntun, èkejì ti bó. Mo fẹ́ kí ẹ rí bí ọmọ náà ṣe yẹ̀ wọ́n wò. Ó fi èékánná kan etí irin gígé, ó ní kí ọkùnrin náà yí i, ó sì di ojú, ó ń gbọ́ bóyá ó ń mì. Ó ki kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ìdìmú, ó fún un, ó wá fi ìka tì í sọ́tùn-ún sósì. Ti ọlọ́dà tuntun yẹ̀ díẹ̀. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi èkejì gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ kan bí ọmọ rẹ̀, ó tún fi ọmọ náà gé ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wá gbé èyí tó kẹ́yìn lé ìyá ńlá rẹ̀ lórí, ó gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò gba àárín wọn kọjá. Ó ra fáìsì tí yóò máa di irin mú fún un, ó ra fáìlì onígun mẹ́ta, ti pẹlẹbẹ àti ti róbótó tí yóò fi máa gé kọ́kọ́rọ́ gígùn lọ́wọ́, ó ra búrọ́ọ̀ṣì fún eruku irin, ó ra gíláàsì tí yóò bo ojú rẹ̀. Irin òfìfo onírùngbọ̀n, ó ránṣẹ́ sí Abíjàn pé kí wọ́n fi sínú bọ́ọ̀sì fún un. Ọkùnrin tó ń tajà náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà dé inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bi ọmọ àbúrò mi pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́.

Ilé ni ìṣòro ti wá bẹ̀rẹ̀. Ní Abíjàn, iná ló ń yí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì wà lára kọ́kọ́rọ́. Níhìn-ín, ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa yí ẹ̀rọ, òsì nìkan ló kù. Kò rò ó débẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó gé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí eyín kan jìn, tí èkejì kò jìn. Ó tún gé e, bákan náà ni. Mo rí i tó jókòó sójúde, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan, ó ń wò ó bí ọmọ tó ṣàìgbọràn. Mo mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́ nínú ilé: ẹ̀rọ tó ń dún díẹ̀, tó ń dákẹ́ púpọ̀.

Ó gba ọjọ́ mélòó kan. Àbúrò mi wá ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀. Nígbà tí mo dé, ó ní kí n ṣí aṣọ kúrò lórí nǹkan tó wà ní igun yàrá. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni, èyí tó ní ẹsẹ̀ irin, tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, àwọn ènìyàn ti wá rà á, wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀, ó ń lé wọn ni. Èmi gan-an dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

“Ẹ tú orí rẹ̀ kúrò,” ló wí. “Ẹ fi tọmọ yìí sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ ní, “Màmá, ẹ̀rọ yín ni.”

“Ta ló ní kì í ṣe tèmi? Èmi ni mo ní kí wọ́n tú u.”

A pe wẹ́dà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Ó kan ẹ̀rọ agékọ́kọ́rọ́ mọ́ orí tábìlì ìránṣọ náà, ó fi àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré sípò ibi tí a ti ń fi ọwọ́ yí i, ó fa bẹ́líìtì láti àgbá kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ wá sókè. Ọwọ́ méjèèjì ti wá dòmìnira. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ ẹ̀rọ tẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, yóò yí síwájú, yóò yí sẹ́yìn, bẹ́líìtì á bọ́. Àbúrò mi ní kí n gbé àga òun súnmọ́ ọn.

“Má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń pa aáyán. Ìka ẹsẹ̀ ni, lẹ́yìn náà gìgísẹ̀. Rọra. Jẹ́ kó máa gbé ẹ lọ.”

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ọmọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ náà sọ ìgbà fún un. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìró yẹn, ẹsẹ̀ irin tó ń lọ tó ń bọ̀, ni mo fi ń jí láti ọdún pípẹ́ wá, nígbà tí àbúrò mi ń rán aṣọ ọdún fún gbogbo àdúgbò. N kò mọ̀ pé mo ti ń ṣàárò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí a fi ṣí ilẹ̀kùn mi, kò há rárá, ó kàn yí ni.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn ọmọ Abíjàn wọ̀lú. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dá sínú ilẹ̀kùn wá, ẹni tó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ wá, ẹni tí àbúrò rẹ̀ sọ tirẹ̀ nù sóko wá. Àlùfáà ló kọ́kọ́ dé. Kọ́kọ́rọ́ ilé ọmọ rẹ̀ ló mú wá, ó gbé e kalẹ̀ ní ìhòòhò sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ àbúrò mi, pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀.

“Gbà, ọmọ mi. Ọwọ́ ń ro mí láti máa bo eyín.”

Lẹ́yìn ọdún, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Bọ́ọ̀sì ń kó wọn lọ, wọ́n sì ń gbé kọ́kọ́rọ́ wọn wá fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹkárá ìkómọ padà sórí ìṣó rẹ̀, léèsì funfun padà sórí tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi á pè mí láti ojú fèrèsé rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti gbé tirẹ̀ wá?”

Ó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀ èmi ló ń bi. Màá wo ògiri, màá sọ fún un pé kò tíì gbé e wá. Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú. Mo gbọ́ ìró fèrè rẹ̀ títí ó fi jáde nílùú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, láti òdìkejì ògiri, ẹsẹ̀ irin náà bẹ̀rẹ̀ sí lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí pé bẹ́líìtì bọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi kò béèrè mọ́. Ó kàn ní kí n wá fa ìṣó yẹn yọ o, kó má baà fa ẹ̀wù mi ya.

N kò tíì fà á yọ. Láàárín gbogbo ìṣó tó wà lára ògiri mi, òun nìkan ni kò ru nǹkan kan, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí ilẹ̀ bá mọ́.